Lórí Òpó Ọkọ̀ Àtijọ́ ní Bristol

"Jessamy, iwájú ni kó o máa wò, má wo ìsàlẹ̀," ni Àǹtí Moyra wí, ẹni tó ń kọ́ àwọn àlejò bí wọ́n ṣe ń gun òpó ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n Jessamy ti wo ìsàlẹ̀. Àwọn èèyàn tó wá wo ọkọ̀ òkun àtijọ́ náà ti kéré bí èèrà. Síbẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Láti kékeré ló ti ń wo òpó yìí láti ojú fèrèsé ilé wọn. Òní tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n gbà á láàyè láti gùn ún. Corin, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀, ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fi ìkọ́ ara bẹ́líìtì wọn kọ́ okùn ààbò kí wọ́n má baà já bọ́.

Nígbà tí wọ́n dórí igi ìdábùú tó so mọ́ òpó náà, Àǹtí Moyra yíjú láti so okùn kan le. Corin yọ fóònù jáde nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

"Yọ ìkọ́ ẹ kúrò lára okùn," ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ká ya fọ́tò láìso mọ́ nǹkan kan. Ẹnu á ya gbogbo kíláàsì."

"Ṣé orí ẹ pé?"

"Mo mọ̀ pé ojo ni ẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà ta Jessamy lára. Ó fọwọ́ kan ìkọ́ náà, àmọ́ ó tún mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

"Máa pè mí lójo títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mi ò ní yọ ọ́."

Corin rẹ́rìn-ín, ó yọ tirẹ̀. Kò tíì gbé fóònù sókè tán tí afẹ́fẹ́ fi fẹ́ wá láti ojú omi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Jessamy gbá bẹ́líìtì Corin mú, ó fi apá kejì rọ̀ mọ́ igi.

"Àǹtí, ẹ gbà wá!"

Kíá ni Àǹtí Moyra dé, ó sì fi ìkọ́ Corin kọ́ okùn padà. Fóònù ti bọ́ sómi.

"Ìwọ ń sọ̀ kalẹ̀ báyìí, o ò sì ní gun ibí mọ́," ó sọ fún Corin, ó sì pe òṣìṣẹ́ míì kó wá mú un lọ. Ó wo Jessamy. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ṣì fẹ́ dé òpin igi?"

Jessamy di igi mú dáadáa. "Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀, mà."

Ó rìn débẹ̀. Àwọn ilé aláràbarà orí òkè, afárá gíga lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké, gbogbo rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ níwájú rẹ̀. Ó kígbe ayọ̀ títí ìyá rẹ̀ àgbà, tó wá wò wọ́n, fi ń fi fìlà juwọ́ sí i nísàlẹ̀.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, Corin jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ funfun báláú.

"Jọ̀ọ́," ó ní, "báwo ló ṣe rí lópin igi?"

Jessamy jókòó tì í, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó gbọ́n kì í tìtorí kí wọ́n má baà pè é lójo kó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tàfàlà.