Àkọsílẹ̀ Tí N Kò Kọ

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Èmi kì í mu ọtí, ojú mi kò sì ṣe bàìbàì. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn ṣì wà láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì nínú wọn kò fẹ́ rí mi sójú mọ́. Bí wọ́n bá sọ tiwọn, ó lè yàtọ̀ sí tèmi. Ṣùgbọ́n wọn kò ní sọ pé kò ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ilé wò. Ilé tó ti gbó, ilé tí ògiri rẹ̀ ń là, ilé tí wọ́n kọ́ láìgba àṣẹ. Bí mo bá wò ó tán, èmi ni yóò sọ bóyá kí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ dúró tàbí kí wọ́n kó jáde. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣe é. Gbogbo ilé tí mo ti wọ̀ ni mo ní àkọsílẹ̀ lórí rẹ̀, nínú áàpù kékeré kan lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́. Ẹgbẹ̀rin ó lé méjìlá ni wọ́n. Mo mọ iye wọn bí abiyamọ ṣe mọ iye ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kan, wọ́n kó àwọn kọ̀ǹpútà wa àtijọ́ lọ. Wọ́n kó òmíràn dé, oríṣi mìíràn pátápátá, tí kò bá ti tẹ́lẹ̀ tan rárá. Ohun tó máa ń wà lápá ọ̀tún ti lọ sápá òsì. Áàpù mi kò sì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Oníkọ̀ǹpútà, ìyẹn ọkùnrin tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ wa, bá mi kó àwọn àkọsílẹ̀ náà sínú fíláàṣì.

"Ẹ wá áàpù míì, ma," ló wí. "Wọ́n pọ̀ bí nǹkan míì."

Yàrá kan náà ni èmi àti Rúlà jọ ń lò. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ nìyẹn, nítorí rúlà irin tó máa ń wà lápò àyà rẹ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n fún mi ní ipò tó rò pé tòun ni. Láti ìgbà náà, kì í bá mi sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá pè mí ní Màdáámù, ẹ ó rò pé egungun ẹja ló ń tu jáde lẹ́nu.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dán áàpù wò. Èkíní kò jẹ́ kí n kọ lẹ́tà kan láìkọ́kọ́ béèrè orúkọ mi, nọ́ńbà mi àti ọjọ́ ìbí mi. Èkejì máa ń pẹ́ kó tó ṣí, bí arúgbó tó ń dìde lórí àga. Ẹ̀kẹta jẹ gbogbo àmì ọ̀rọ̀ mi, tòkè tìsàlẹ̀. Ọkọ, ọkọ̀, oko, gbogbo rẹ̀ di oko. Mo kà á nínú àkọsílẹ̀ ara mi pé oko onílé wà nínú oko, ó ń bínú. Rúlà yọjú wò ó, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù méjì. Kì í ṣe ẹ̀rín tó dùn mọ́ni.

Ọjọ́bọ̀ ni mo rí ìkẹrin. Mi ò wá a. Ó ti wà lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí mo dé láàárọ̀. Àwòrán funfun kékeré, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Mo rò pé Oníkọ̀ǹpútà ló fi síbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí kíá. Ojú ewé funfun. Kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é. Kò béèrè ohunkóhun. Mo ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, ó sì kó gbogbo àkọsílẹ̀ mi wọlé, àmì pé, ọjọ́ pé. Inú mi dùn. Mo wo iye tó kọ sísàlẹ̀.

Ẹgbẹ̀rin ó lé mẹ́tàlá.

Mo wá èyí tó lé. Ó pẹ́ kí n tó rí i. Àdírẹ́sì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ló wà lórí rẹ̀, lẹ́yìn ilé ìfọṣọ kan tí mo mọ̀. Mi ò wọ ilé náà rí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ̀wé gan-an ni wọ́n ṣe kọ ọ́.

"Yàrá iwájú: ọmọ méjì. Yàrá ẹ̀yìn: ìyá, ọmọ méjì. Orí wọn jìnnà sí ògiri. A ó tún un ṣe."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fáànù ń yí lókè orí mi, mi ò gbọ́ ìró rẹ̀. Mo pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́. Iye ìsàlẹ̀ kò yí padà. Mo tún pa á rẹ́. Ó ṣì wà níbẹ̀.

"Rúlà, ṣé ìwọ lo kọ èyí?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ìwé rẹ ṣe?" Kò gbójú sókè.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ibà dá mi dùbúlẹ̀. Ilé ni mo wà láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí a jọ ń gbé, ló ń fi aṣọ tútù nù mí lára, tó sì ń bú mi pé mi ò mọ ara mi tọ́jú.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọ̀gá wa ránṣẹ́ pè mí. Obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni, ìyẹn gan-an ló sì ń mú kí ẹ̀rù rẹ̀ máa bani. Ó na ìwé kan sí mi.

"Mo rí ìròyìn rẹ lórí ilé ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ. Kò kún ojú òṣùwọ̀n rárá."

Mo kà á. "Mo yẹ ilé yìí wò lọ́jọ́ Ẹtì. Ó dára. Kí wọ́n máa gbé inú rẹ̀." Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà mi ló ti jáde.

"Èmi kọ́, ma. Ara mi ò yá lọ́jọ́ Ẹtì."

"Ta wá ni?"

Mo tún orúkọ mi tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà kà.

"Èèyàn méjì ló yẹ kó lọ," ló wí. "Ìwọ àti Rúlà, ẹ lọ báyìí. Kí ẹ jọ fọwọ́ sí i."

Agogo mọ́kànlá ni a débẹ̀. Oòrùn mú. Ojú pópó ń pariwo, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń gun àtẹ̀gùn ni ariwo náà ń rọlẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi aṣọ bò ó. Rúlà kanlẹ̀kùn. Obìnrin kan ṣí i, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Kò wo Rúlà. Èmi ló wò.

"Ẹ tún ti dé."

"Ẹ káàárọ̀, ma. A ò tíì pàdé rí."

"Mo ní kí ẹ má padà wá mọ́. Àwọn ọmọ mi ò sùn látọjọ́ Ẹtì."

Rúlà yíjú sí mi. Mo mọ ohun tó ń rò.

Ó jẹ́ kí a wọlé, ṣùgbọ́n kò ní kí a jókòó. Ògiri yàrá ẹ̀yìn ti là láti òkè dé ilẹ̀. Rúlà fa rúlà rẹ̀ yọ, ó tì í bọ ibẹ̀. Irin náà wọlé. Ó ń wọlé ṣáá, títí ó fi ku kìkì ibi tó fi ìka dì mú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ Ẹtì, ó fa ìlà kékeré sábẹ́ rẹ̀. Mo wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni.

"O rí èyí," Rúlà wí lóhùn kékeré, "o sì kọ ọ́ pé ó dára."

"Mi ò wá síbí."

"Ọwọ́ rẹ nìyí lára ògiri."

"Mo ní mi ò wá síbí."

Mo kọjú sí obìnrin náà. Mo ní kó kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde lónìí, kó sọ fún àwọn ará ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Ó pòṣé.

"Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ ní ó dára. Orí àga yẹn lẹ jókòó sí. Ẹ ò gba omi. Ẹ béèrè iye àwa tó ń sùn níbí, àti ibi tí oníkálukú ń gbórí lé. Ẹ fi etí lé ògiri fún odidi wákàtí kan. Ẹ wá ní kí n yí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ padà, kí orí wọn lè súnmọ́ ibẹ̀. Lónìí, ẹ ní kí n jáde. Ṣé ẹ fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Mo wo bẹ́ẹ̀dì náà. Ìrọ̀rí méjì, wọ́n fara kan ibi tí ògiri ti là.

"Ẹ wò mí dáadáa, ma. Kì í ṣe èmi lẹ rí."

Ó wò mí. Ó pẹ́. Ó wo ojú mi, ó wo ọrùn mi, ó wo àyà mi tó ṣì ń lọ sókè sódò nítorí àtẹ̀gùn tí mo gùn. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ̀yin ń mí," ló wí.

Ó wọ yàrá lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Kò dúró so ẹnu àpò.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kò sẹ́ni tó kù nínú ilé yẹn. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ògiri ẹ̀yìn ya lulẹ̀, ó fa àjà òkè lọ́wọ́. Ibi tí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ wà ló kọ́kọ́ lọ.

Ẹnikẹ́ni kò kí mi kú iṣẹ́. Ọ̀gá wa pe èmi àti Rúlà jókòó. Rúlà ní òun ò lè purọ́: obìnrin ilé náà dá mi mọ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé mi wà lára ògiri, ó dá òun lójú pé mo ti dá nìkan lọ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá jẹ́rìí pé orí ibùsùn ni mo wà lọ́jọ́ Ẹtì. Rúlà bi í bóyá ẹ̀gbọ́n máa ń jẹ́rìí lòdì sí àbúrò. Ẹ̀gbọ́n mi fún un lésì kan tí mi ò ní kọ síbí.

Ọ̀gá wa tẹ́ ìròyìn méjèèjì síwájú rẹ̀, èyí tó ní ilé náà dára àti èyí tí èmi àti Rúlà jọ fọwọ́ sí.

"Ìwọ lo gbà wọ́n là," ló wí fún mi. "Ìwọ náà lo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Èwo ni kí n kọ?"

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yẹ kọ̀ǹpútà mi wò. Oníkọ̀ǹpútà jókòó sórí àga mi, àwa yòókù dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó tẹ ìhín, ó tẹ ọ̀hún.

"Mi ò rí áàpù kankan, ma. Àkọsílẹ̀ inú fíláàṣì yín nìkan ló wà níbí. Ẹgbẹ̀rin ó lé méjìlá."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó fi ìka tọ́ka sójú kọ̀ǹpútà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka rẹ̀ gan-an ni àwòrán funfun náà wà. Mo gbójú sókè láti wo ẹni tó tún rí i. Ọ̀gá wa ń wo ojú mi. Ṣùgbọ́n Rúlà ń wo ẹ̀gbẹ́ ìka náà. Ó tẹjú mọ́ ọn. Nígbà tó rí i pé mo ń wo òun, ó yára gbójú kúrò.

"Èmi náà ò rí nǹkan kan," ló wí.

Wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀. Wọ́n gbé mi lọ sí yàrá ìsàlẹ̀, níbi tí fáìlì àtijọ́ máa ń wà. Ìwé àti bírò ni mo ń lò níbẹ̀. Rúlà gba ipò mi. Ó gba tábìlì mi pẹ̀lú, àti kọ̀ǹpútà orí rẹ̀.

Oṣù kan kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Rúlà sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Ó pa ilẹ̀kùn dé. Ètè rẹ̀ ti gbẹ.

"Kí lò ń wá nílé mi?"

"Mi ò mọ ilé rẹ."

"Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí ni. Ó ní ìwọ lo wà níbẹ̀ báyìí, ò ń yẹ ògiri wò. Ó ní o béèrè ibi tí ọmọ ń sùn."

Mo wò ó. Ó wò mí. Iwájú rẹ̀ ni mo wà, bírò ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo rí i tó ń rò ó.

"O ti ń lò ó," mo wí.

Ó wo ilẹ̀kùn tó pa dé.

"Áàpù tó dára ni," ló wí níkẹyìn. "Ó rọrùn."

Ilé rẹ̀ kò jìnnà. A sáré débẹ̀. Ilé tuntun ni, ògiri rẹ̀ ń dán, kò sí ibì kankan tó là. Ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà, ó yíjú padà, ó wo inú ilé. Ó tún wò mí. Ó fi ọwọ́ di fúrémù ilẹ̀kùn mú.

Láti yàrá ẹ̀yìn, a gbọ́ ẹnì kan tó ń fi ìka kan ògiri. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan. Bí èmi ṣe máa ń kàn án nìyẹn, láti mọ ibi tó jẹ́ òfìfo.

"Ọmọ dà?" Rúlà bi ìyàwó rẹ̀.

"Ó ń sùn," ni obìnrin náà wí. "Ó wà nínú yàrá yẹn."

Rúlà wọlé lọ. Mi ò lè tẹ̀lé e. Ó jáde padà, ọmọ wà léjìká rẹ̀, ó ń sun oorun rẹ̀ lọ. Rúlà fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yàrá náà.

"Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀," ló wí.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìró náà ò tíì dáwọ́ dúró.

Ọjọ́ náà ni wọ́n kó kúrò. Rúlà fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìdágbére fún ẹnikẹ́ni, bó bá sì rí mi lọ́nà, á sọdá sí òdìkejì títì. Ìdílé mìíràn ti kó wọ ilé náà. Ilé ọ̀hún ṣì dúró. Mo ti wò ó láti ìta nígbà púpọ̀, mi ò rí ohun tó ṣe é.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kanlẹ̀kùn wọn, kí n lè kìlọ̀ fún wọn. Wọn kò ṣí i. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ tó ń sáré nínú ilé. Ẹnì kan wá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní kí n máa lọ, pé wọ́n ti yẹ ilé náà wò, ó dára.

Ohùn obìnrin ni. Mi ò fẹ́ sọ ẹni tí ohùn náà jọ.