Dẹ́rẹ́bà Tó Ń Mu Dísẹ̀lì

“Má gbé e mì! Dísẹ̀lì ni! Mo ní má gbé e mì!”

Bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Peculiar ṣe gbọ́ igbe yìí ní Wharf Road ní Apapa lọ́sàn-án gangan, kò béèrè ẹ̀rí. Ó já ìgò epo pupa gbà lọ́wọ́ ìyá alákàrà kan, torí epo níí ṣẹ́gun májèlé, ó sì sáré dé ẹ̀gbẹ́ tírélà tí igbe náà ti ń wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló bá lórí taya, ó dúdú, ó ń dán, eyín rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, kọ̀ǹpútà wà lórí itan rẹ̀.

“Bọ̀dá, ẹni tó mu dísẹ̀lì dà? Ẹ jẹ́ kó mu epo kíákíá!”

Ó nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. “Òun nìyí.”

Dẹ́rẹ́bà kékeré kan ló nà gbalaja nínú gémù. Peculiar wo dẹ́rẹ́bà, ó wo ìgò epo, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

Adétòkunbọ̀ lorúkọ ọmọkùnrin náà, ará Ajégúnlẹ̀. Gémù èbúté ló ń ṣe. Àyè ẹrù kan ṣoṣo ló fún ẹni kọ̀ọ̀kan, iye nìkan ló sì ń kọ síbẹ̀, kì í kọ irú ẹrù náà. Bí òùngbẹ bá gbẹ dẹ́rẹ́bà, ohun tó bá bá lọ́wọ́ ni yóò mu, ìbáà jẹ́ dísẹ̀lì. Bí Adétòkunbọ̀ bá sì fẹ́ fi irú ẹrù tuntun kún gémù, gbogbo rẹ̀ á dàrú.

Peculiar, tó ń ka ẹrù ní ilé-ìkẹ́rùsí kan ní Kirikiri, pòṣé. “Àwa kì í kọ ẹrù sára mọ́tò. Ẹrù kọ̀ọ̀kan ló ní káàdì tirẹ̀ lọ́rùn: irú rẹ̀, iye rẹ̀, ẹni tó ni ín.”

Ọmọkùnrin náà wò ó bí ẹni rí òṣùpá lọ́sàn-án. “Àyànfẹ́ mi, níbo lo wà látọjọ́ yìí?”

“Ta ni àyànfẹ́ ẹ? Kọ́kọ́ gba dẹ́rẹ́bà ẹ là ná.”

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi so káàdì mọ́ ẹrù inú gémù. Ìfẹ́ náà so ọkàn wọn pọ̀. Àmọ́ Bàbá Peculiar, tó ti wa tánkà fún ọgbọ̀n ọdún, fárígá.

“Gémù? Ṣé eré ni yóò fi bọ́ ọ? Kó gbé eré náà wá lọ́jọ́ Sunday. Bí kò bá wù mí, kó má dé ẹnu ọ̀nà mi mọ́.”

Lọ́jọ́ náà, dẹ́rẹ́bà inú gémù mu omi, mọ́tò mu dísẹ̀lì. Bàbá tẹjú mọ́ ọn, kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀bà rẹ̀ dà?”

“Ẹ̀bà kẹ̀, sà?”

“Ṣé omi ni yóò máa mu láti Apapa dé Ìbàdàn? O ò tíì mọ iṣẹ́ wa.”

Peculiar yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ẹrù tuntun! Ohun tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀! Ṣùgbọ́n Adétòkunbọ̀, tó ti dọ̀bálẹ̀ láti ìgbà tó wọlé, kò tiẹ̀ dìde. Orí ìdọ̀bálẹ̀ ló ti tẹ káàdì tuntun sínú gémù. Irú: ẹ̀bà. Iye: òkèlè mẹ́wàá. Ẹni tó ni ín: dẹ́rẹ́bà. Kò sóhun tó dàrú. Dẹ́rẹ́bà jókòó sábẹ́ tánkà, ó ń jẹun.

“Fi ẹran sí i,” ni Bàbá wí.

Ẹran dé. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹni tó tètè bọ́ dẹ́rẹ́bà báyìí kò ní febi pa ọmọ mi. Dìde, lọ pe àwọn òbí ẹ wá.”

Lẹ́nu ọ̀nà, Peculiar yọ káàdì kan nínú báàgì, ó kọ ọ́, ó sì so ó mọ́ bọ́tìnnì olólùfẹ́ rẹ̀. Irú: ọkọ. Iye: ẹyọ kan. Ẹni tó ni ín: Peculiar.

“Adé mi, má jẹ́ kójò pa á o.”

“Màá fi sùn ni,” ni Adétòkunbọ̀ wí, ó sì di káàdì náà mú bí ẹni pé ìjì ń bọ̀ láti orí òkun.