Ínṣì Méjìlá

Àwọn ọkùnrin mìíràn á ra búrẹ́dì tàbí káàdì fóònù lọ bá obìnrin. Dúrójayé ní tiẹ̀ ká ìwé ìbọn mọ́ abíyá lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé.

"Ẹ káàsán mà. Wọ́n ní ẹ̀yin ni tísà físíìsì."

Mo ń máàkì ìdánwò lọ́wọ́ nínú yàrá àwọn olùkọ́ ní ilé-ìwé wa ní Ìkẹ́rẹ́. Mi ò gbójú sókè. "Èmi ni. Ta ni orúkọ ọmọ yín?"

"Mi ò tíì bímọ, mà. Èmi gan-an ni mo fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́."

Mo wá wò ó. Ó ga, ó dúdú, wọ́n fá irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti sójà. Ó yẹ kí àyà mi já. Kò já. Nǹkan kan ò já nínú mi mọ́ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, tí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi Elijah, tó jẹ́ sójà, bọ̀ láti Borno nínú pósí tí wọ́n ní a kò gbọdọ̀ ṣí. Mi ò sunkún níbi ìsìnkú. Inú mi kàn kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́ jù.

Sájẹ́ǹtì ni Dúrójayé, ọmọ Ìjàn-Èkìtì. Ìsinmi oṣù kan ló wá lò nílé. Wọ́n fẹ́ ṣe ìdíje ìbọn ọ̀nà jíjìn ní Kàdúná. Ẹni tó bá gbégbá orókè, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ogun tuntun, kò ní padà sójú ogun. Ṣùgbọ́n oníkálukú ni yóò fúnra rẹ̀ yan bárẹ́lì, ọ̀pá irin tí ọta ń gbà jáde, tí wọn yóò fi sí ìbọn rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti pin ọ̀gbẹ́ni yìí lẹ́mìí. Ó mọ ìbọn yìn bí ẹni mọ ọ̀nà oko baba rẹ̀, àmọ́ ta ní í bi sójà pé èwo lo fẹ́? Èyí tí wọ́n bá gbé fún un ló ń gbé.

Mo ya bárẹ́lì sórí ìwé fún un. "Ìlà wà nínú rẹ̀ tó lọ́ bí ara bóòtù tí à ń dè mọ́ nọ́ọ̀tì. Òun ló ń mú ọta yí bó ṣe ń jáde. Ṣé ẹ ta òkòtó rí?"

"Ní Ìjàn? Èmi ni ọ̀gá wọn."

"Ó dáa. Òkòtó tó bá ń yí dáadáa á dúró, èyí tí yíyí rẹ̀ bá falẹ̀ á ṣubú. Bí ọta bá ṣe gùn tó ni yíyí rẹ̀ gbọ́dọ̀ yá tó. Bárẹ́lì tó ń yí ọta lẹ́ẹ̀kan láàárín ínṣì mẹ́jọ yá ju èyí tó ń yí i lẹ́ẹ̀kan láàárín ínṣì méjìlá."

"Nọ́ńbà kékeré ló wá le jù?"

"Kékeré ló le jù."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Bíi tiyín."

Mo kúrú, mo mọ̀. Ó yẹ kí n bínú.

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ló wá kọ́, ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ọ. Nígbà tó yá, kò tilẹ̀ mú ìwé lọ́wọ́ mọ́. Ó ní, "Motọ́lání, mo fẹ́ràn rẹ. Ìyàwó ni mo ń wá."

Mo sọ òótọ́ fún un. "Mi ò mọ̀ bóyá mo fẹ́ ọ. Tí o bá fọwọ́ kàn mí, mo mọ̀ pé ọwọ́ ni. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Kò burú, tísà mi. N ó máa fẹ́ ọ fún àwa méjèèjì ná."

Mo mú un lọ bá Bàbá mi. Àgbẹ̀ kòkó ni Bàbá, ìyá mi ti kú tipẹ́.

"Kí lorúkọ rẹ?"

"Dúrójayé, sà."

"Wọ́n ní kí ùwọ dúró jayé, ùwọ lọ gbé ubọn!" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú Bàbá ò rẹ́rìn-ín rárá. "Mo ti sin sójà kan nínú ulé yìí, mi ò ní sin méjì. Bó o bá borí ní Kàdúná, kó àwọn èèyàn rẹ wá, n ó fi ọmọ mi fún ọ. Bó bá jẹ́ Borno lo ń padà sí, má tún dé ẹnu ọ̀nà mi."

Báyìí ni ìgbéyàwó mi ṣe di ọ̀rọ̀ bárẹ́lì.

Ó pè mí láti Kàdúná. "Mẹ́ta ni wọ́n kó síwájú wa: ínṣì mẹ́jọ, mẹ́wàá, méjìlá. Lọ́la ni wọ́n máa dè é."

"Wọn ọta náà fún mi."

Ó wọ̀n ọ́n. "Ó ku díẹ̀ kó pé ínṣì mẹ́ta."

"Odidi rẹ̀ lo wọ̀n yẹn!" Èdè wa ló fà á: èyí tí a kì sínú ìbọn, ọta là ń pè é, èyí tó fò jáde, ọta náà ni. "Orí rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́. Má wọn idẹ tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn."

"Orí rẹ̀ ò pé ínṣì kan."

Mo ṣírò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ọta kúkúrú ò nílò yíyí púpọ̀, àṣejù yíyí a sì máa fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mú méjìlá."

"Ó dá ọ lójú?"

"Méjìlá, mo ní."

Ipò kẹrin ló ṣe.

Ọjọ́bọ̀ ló dé sílé-ìwé wa, ó ku ọjọ́ kan kó wọkọ̀ lọ sí Borno. Ó tẹ́ ìwé tó yìnbọn sí ní Kàdúná kalẹ̀ lórí tábìlì mi. "Títí dé ẹgbẹ̀ta mítà, èmi ni mo wà níwájú. Nígbà tó di ẹgbẹ̀rin, ọta bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bó ṣe wù ú."

Mo wo àwọn ihò náà. Ó yẹ kí wọ́n rí roboto. Mẹ́ta nínú wọn gùn gbọọrọ: ẹ̀gbẹ́ ni ọta fi wọlé.

"Dúró ná. Nígbà tí o wọn orí ọta, ṣé o fà á yọ kúrò nínú idẹ?"

"Rárá. Èyí tó yọ síta ni mo wọ̀n. Ṣebí o ní kí n má wọn idẹ mọ́ ọn."

Inú idẹ ni apá kan orí ọta máa ń rì sí, bí eyín ṣe rì sínú èrìgì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò kàn sọ fún un. Ọta náà gùn ju bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ lọ: mẹ́wàá ni ì bá mú. Ẹnu mi ló rán an padà sójú ogun.

"Èmi ni mo ṣe é," mo ní.

"Mo mọ̀. Ẹni tó ń tún ìbọn wa ṣe ti là á yé mi lọ́jọ́ yẹn gan-an."

"O mọ̀, o sì dákẹ́?"

"Tísà mi, ẹni tí kò tíì sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣé n ó wá di ẹrù tèmi lé e lórí ni?"

Mo fẹ́ sunkún nígbà yẹn. Omi ò jáde. Àmọ́ mo ń ka ihò mẹ́ta náà léraléra, bí ẹni pé iye wọn yóò yí padà. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rù ti bà mí kẹ́yìn débi pé mi ò tètè dá a mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo sìn ín dé gáréèjì. Ọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ń wá ẹni tí wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà. Ó kọjú sí mi. "Ọkọ yín ni?"

"Ọkọ mi ni."

Dúrójayé yíjú padà, ó wò mí. Dírẹ́bà ti ń fọn fèrè. Ó wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ọkọ̀ gba ọ̀nà Adó lọ.

Bàbá ń sá kòkó nígbà tí mo délé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: ọta tí mo ní kó wọ̀n, ínṣì méjìlá, ohun tí mo sọ ní gáréèjì. Kò gbójú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ ń tú kòkó náà ká. Mo ń retí kó lé mi jáde.

"Borno náà ló lọ?"

"Ibẹ̀ ni, sà."

Ó ṣa èérí kan kúrò nínú kòkó. "Wọ́n sọ ọjọ́ tí yóò dé?"

"Wọn ò sọ, Bàbá."

"Wọn kì í sọ."

Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì tó jókòó lé. Mo dìde, mo jókòó tì í.