Ìkarahun Ni Mo Fẹ́

Ògógóró ń rùn lára ọkùnrin tó ń ti alùpùpù bọ̀ ní Ring Road lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n. Ohun tó kọ́kọ́ ya Ìdùnnú lẹ́nu nìyẹn. Ìgbín díndín ló ń tà fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, ó sì mọ ọ̀mùtí tó bá rí i.

Ọkùnrin náà kò wo àwo ìgbín rárá. Apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ló nawọ́ sí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ìkarahun yìí ni mo fẹ́.”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ sun ún ni.”

Àwọn tó ń ra ìgbín lọ́wọ́ Ìdùnnú máa ń pè é ní oyin, wọ́n máa ń pè é ní òdòdó, kì í dá wọn lóhùn. Ó da ìkarahun náà sínú àpò fún eléyìí.

Wándé lórúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni ní Agbowó. Epo bẹntiróòlù ti di ọ̀wọ́n lọ́dún náà, ọkọ̀ ń sùn nílé epo. Wándé wá ń tún ògógóró sè, kí ó lè lú u mọ́ epo díẹ̀ tó bá rí. Omi inú ọtí ni kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbà á. Ó ní bí wọ́n bá sun ìkarahun títí ó fi funfun, tí wọ́n dà á sínú ọtí, á fa omi náà mu. Bí wọ́n bá tún ọtí náà sè, ó gbẹ nìyẹn.

Ó ń wá kó ìkarahun lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, ó gbé ìgò méjì wá. Nínú èkíní, epo léfòó, omi àti ọtí wà nísàlẹ̀. Nínú èkejì, èèyàn ò lè mọ epo yàtọ̀ sí ọtí.

“Wọ́n ti di ọ̀kan,” ni Wándé wí, ó sì ń wo Ìdùnnú lójú.

“Bí o bá fi wá wé e, màá dìde lọ.”

“Mi ò tíì sọ nǹkan kan.”

“Ojú ẹ ti sọ ọ́.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Onítẹ̀bọmi paraku ni bàbá Ìdùnnú, Díákónì Ògúnlẹ́yẹ. Ọjọ́ tí Wándé lọ kí i nílé ní Challenge, ẹ̀ẹ̀kan péré ló fa imú, ó ní òun ò bímọ fún ọ̀mùtí. Ìdùnnú ṣàlàyé títí, kò gbà. Nígbẹ̀yìn, ó ní kí wọ́n da nǹkan náà sínú ọkọ̀ Ìjàpá òun ní Sunday. Bí ó bá gbé òun dé ṣọ́ọ̀ṣì ní Bódìjà, kí àwọn ará ilé Wándé wá. Bí kò bá gbé òun débẹ̀, kí ọmọkùnrin náà má yọjú mọ́.

Ìdùnnú ló mú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n máa rọ epo náà sí lọ fún Wándé. Olóúnjẹ ni, kì í rọ nǹkan sínú ohun tí kò fọ̀. Ó fi omi ṣan án, ó dà á nù, ó dé e.

Nígbà tí Sunday pé, Mọ́kọ́lá ni Ìjàpá ti wúkọ́, tó sì kú. Wándé, tó ń fi alùpùpù tẹ̀ lé wọn, gbọ́n díẹ̀ lára epo náà sínú ìgò. Omi jókòó sísàlẹ̀. Ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo Ìdùnnú.

Wándé dọ̀bálẹ̀. “Ẹ̀bi mi ni, sà. Mi ò sè é dáadáa.” Ó dìde, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

“Bàbá mi, irọ́ ló pa,” ni Ìdùnnú wí. “Èmi ni mo fi omi ṣan kẹ́ẹ̀gì. Ó sì mọ̀.”

Bàbá wo ọ̀nà tí alùpùpù náà gbà lọ.

“Ó mọ̀, ó wá gbé e ru ara rẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ọ̀mùtí kì í ru ẹ̀bi tirẹ̀, ká má tíì sọ ti ẹlòmíràn.” Ó bọ́ kóòtù rẹ̀ sórí àga ọkọ̀ kí ó lè ti Ìjàpá. “Sọ fún un pé Sunday mìíràn ń bọ̀. Kí àwọn ará ilé rẹ̀ múra.”

Kẹ́ẹ̀gì náà wà nínú oòrùn títí di ọjọ́ Ẹtì. Ìdùnnú gbé e lọ sí Agbowó fúnra rẹ̀, ó sì jíṣẹ́ bàbá rẹ̀. Wándé dorí kẹ́ẹ̀gì náà kodò sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò sí omi tó kán.

“Bí ọkọ̀ bá tún dúró ńkọ́?” ni ó béèrè.

“A óò jọ tì í.”