Ẹgbẹ̀rún Náírà Tí Ṣọ́ọ̀bù Alhaja Kì Í Gbà

Oòrùn ò tíì ga tán tí ariwo fi sọ n'Íkòsí pé wọ́n ti pa Alhaja Màríyámọ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọ odó ni wọ́n fi là á lórí. Agolo ńlá tó ń kó owó àjọ àdúgbò sí ṣófo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Inspẹ́kítọ̀ Rasheedat fi máa dé, àwọn ará àdúgbò ti mú olè, wọ́n ti dá ẹjọ́ rẹ̀ tán, wọ́n sì ti gbé táyà wá. Àwọn tí kò lè gbá gọ́tà iwájú ilé ara wọn ló di adájọ́ yìí o!

"Ẹ gbé táyà yẹn kúrò lójú mi," ni Rasheedat wí. "Ẹni tó bá ṣáná, òun ni màá kọ́kọ́ mú."

Wọ́n sún sẹ́yìn. Yàkúbù ni wọ́n mú, ọmọ Ìsẹ́yìn kan tó ń ṣe lébírà, tó ń gbé Ajégúnlẹ̀ níbi tí omi ti ń wọlé bá èèyàn lórí ibùsùn. Ó jókòó sílẹ̀, ètè rẹ̀ ti wú.

Bébà kan wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù: A KÌ Í GBA ẸGBẸ̀RÚN NÁÍRÀ. Àjèjì kan ló fún Alhaja ní ayédèrú nígbà kan, látìgbà náà ló ti ṣòfin. Owó àjọ nìkan ló ń gbà ní ẹgbẹ̀rún, torí ó mọ ilé ẹni tó san án. Ó sì máa ń fi tìróò sàmì sí igun ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má baà dà pọ̀ mọ́ owó mìíràn.

Olúdayọ̀, ọkọ àbúrò Alhaja, ló ń bá a tajà, Alhaja fúnra rẹ̀ ló sì máa ń kó ṣéńjì fún un láràárọ̀. Mánéjà ni wọ́n ń pè é, torí kò gbà kí wọ́n pe òun ní atajà. Ẹ̀sítéètì onígéètì ló ń gbé, lọ́fíńdà rẹ̀ a sì kọ́kọ́ kí èèyàn kí òun alára tó dé. Báàgì kọ̀ǹpútà kì í kúrò léjìká rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó rí kọ̀ǹpútà náà rí.

"Ìgbà wo lẹ rí Alhaja kẹ́yìn?" ni Rasheedat bi í.

"Lánàá ni, Madam. Láàárọ̀ yìí, mo kàn ṣí ṣọ́ọ̀bù ni. Mo rò pé wọ́n ṣì ń sùn, mi ò wọ yàrá rárá. Mo dá àwọn tó wá yọwó ní POS lóhùn. Ìgbà tó yá, ọkùnrin yìí mú ẹgbẹ̀rún kan wá pé kí n bá òun ṣẹ́ ẹ. Mo fi bébà ara ilẹ̀kùn hàn án, ló bá ń pariwo. Ìgbà tó lọ ni mo wọ yàrá, tí mo rí ohun tójú mi rí."

"Kí ló mú kẹ́ ẹ sọ pé òun ni?"

Olúdayọ̀ rẹ́rìn-ín, ó na owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Yàkúbù sókè. "Ẹ wo tìróò Alhaja nígun ẹ̀. Níbo ni lébírà ti rí owó àjọ? Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà wọlé kí n tó dé. Gbogbo ọjọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun."

"Ó dá yín lójú pé inú agolo lowó yìí ti wá?"

"Mo lè fi Bíbélì búra, Madam."

"Ọ̀gá mi, òun ló fún mi!" ni Yàkúbù ké.

"Ẹ gbọ́ òpùrọ́! Ṣọ́ọ̀bù tí kì í gba ẹgbẹ̀rún ló fún ọ ní ẹgbẹ̀rún?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń ta sánsán kì í parọ́ lójú tiwọn.

Yàkúbù mi orí. "Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké."

Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan ya àárín èrò wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àpínkẹ́ ni, télọ̀ tó ń ránṣọ l'Ọ́jọ́ta.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sun ún, ẹ kọ́kọ́ bá mi gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mi lọ́wọ́ ẹ̀ o!"

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wo, Màmá?"

"Owó ọkọ̀ mi ni! Èmi àtòun la jọ wá yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta-ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ní POS níbí láàárọ̀. Mánéjà ní kò sí ṣéńjì. Ló bá so wá pọ̀ bí kọ̀ńdọ́ ṣe ń so èrò ọkọ̀ pọ̀, ó na ẹgbẹ̀rún kan sí wa, ó ní ká lọ pín in. Kò sẹ́ni tó bá wa ṣẹ́ ẹ. Mo ní kó dá a padà fún ẹni tó fún wa, mo dúró ní bọ́sítọ́ọ̀bù títí, mi ò rí i mọ́."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo wọn.

"Bóyá... bóyá owó àpò mi ni," ni Olúdayọ̀ wí.

"Owó àpò rẹ, pẹ̀lú tìróò Alhaja?" Ọ̀wọ̀ ti tán lẹ́nu Rasheedat. "O ń jí owó kó, obìnrin yẹn ká ọ mọ́ ibẹ̀, o sì gbé ọmọ odó. O wá ṣí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n lè rí ọ lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Alhaja fúnra rẹ̀ ló máa ń kó ṣéńjì fún ọ láràárọ̀, o sì ti pa á. Oníbàárà méjì dé, o so wọ́n pọ̀ bó o ṣe máa ń ṣe, owó tó wà lápò rẹ lo sì nà sí wọn. Ìgbà tí Yàkúbù dá a padà lo tó rí tìróò. O rò ó pé ta ló máa gba lébírà gbọ́? Ìwọ lo búra pé inú agolo lowó náà ti wá, kó tó di pé o wọ yàrá ló sì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀daràn!"

Olúdayọ̀ fa Rasheedat sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ṣí báàgì díẹ̀. Owó àjọ ló kún ibẹ̀, tìróò nígun gbogbo wọn.

"Madam, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba èyí, kẹ́ ẹ máa mú ọkùnrin yẹn lọ. Ta ló máa béèrè lébírà?"

Rasheedat wò ó bí ẹni tó tẹ ìgbẹ́. Ó ya bébà ara ilẹ̀kùn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà ṣẹ́ẹ̀tì funfun Olúdayọ̀.

"Ṣé o ò lè kàwé ni? A kì í gba ẹgbẹ̀rún níbí."

Bí wọ́n ṣe ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú un jáde, àwọn alátáyà tún ti ń wo táyà wọn. Àfi ìgbà tí wọ́n rí ojú Rasheedat ni wọ́n tó gbójú kúrò. Ni wọ́n bá yí sí Yàkúbù, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, iṣẹ́ èṣù ni." Ẹni tó mú ìṣáná lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan yọ ẹgbẹ̀rún náírà kan, ó ní kó fi tọ́jú ètè rẹ̀.

Yàkúbù wo owó náà, ó wo ojú ẹni tó nà án.

"Èmi náà kì í gbà á," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.