Irun Dúdú Lábẹ́ Àpótí Ìyá

Irun tí mo gé lórí ìyá ọkọ mi funfun bí òwú. Èyí tí mo gbá jọ lábẹ́ àpótí tó jókòó lé dúdú.

Àárọ̀ Jímọ̀ ni, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la kùrukùru ọyẹ́ lágbàlá wa ní Idigny. Latifou ọkọ mi ti lọ sóko ẹ̀gẹ́. Èmi àti Ìyá nìkan la wà nílé. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka kan irun náà. Ó rọ̀. Òórùn òrí wà lára rẹ̀, òwú tí wọ́n fi ń di irun ọmọdébìnrin sì ṣì wé mọ́ ọn.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí Ìyá ò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan irun òun. Irun náà ti lọ́ mọ́ra, ó wúwo débi pé ọrùn ń dùn ún. Ní ti èékánná, ara òkúta ló ti ń ha á, á sì da omi lé eruku rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e lọ.

Latifou ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ìyá bí ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé e, Aïcha. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí Ìyá di irun fún un lọ́jọ́ Àlàárùbá kan, tó sì da èyí tó re síta. Ẹyẹ ẹ̀ga kan gbé e lọ kọ́ ìtẹ́. Lọ́jọ́ kẹta orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọmọ náà, ara rẹ̀ gbóná, ó sì kú. Àwọn ará àdúgbò ní a kì í di irun ní Àlàárùbá, wọ́n ní irun tí ẹyẹ fi kọ́lé ló pa á. Ìyá gbà wọ́n gbọ́. Ó gbà pé ọwọ́ òun lòun fi pa ọmọ òun.

Ní Àlàmísì tó ṣáájú Jímọ̀ yẹn, Àáfà Mouritala wá kí i láti Odomèta. Ó rí orí ìka Ìyá tó ti bó bó ṣe ń ka tẹ̀sùbáà.

"Ìyá, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

Ìyá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. Àáfà sún mọ́ ọn.

"Ìyá, Ànọ́bì wa ní kò sí àmì ibi lára ẹyẹ. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n kọ̀ fún wa láti tún irun ṣe tàbí láti gé èékánná. Ìmọ́tótó ni, kí a má sì jẹ́ kí èékánná kọjá ogójì ọjọ́ láìgé. Bí ẹ bá fẹ́ ri irun mọ́lẹ̀, kò burú. Àmọ́ Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí. Ẹyẹ kọ́ ló pa Aïcha. Ẹ̀yin náà kọ́."

Ìyá fi ọwọ́ bojú. Omi ń yọ láàárín ìka rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìyàwó, lọ́la, wá bá mi gé e."

Bí mo ṣe gé e nìyẹn. Nígbà tí mo rí èyí tó dúdú, mo fẹ́ fi í pamọ́ kí Ìyá má bàa rí i, àmọ́ ó ti na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn.

"Gbé e wá."

Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. "Èmi ni mo dì í," ló wí.

"Ẹ̀rù ò bà yín, Ìyá?"

"Ẹ̀rù ti bà mí tó."

A ri méjèèjì pọ̀ sídìí igi ọsàn. Lẹ́yìn náà Ìyá tún jókòó, ó di ojú, ó gbé ọwọ́ lé itan mi. Mo gé èékánná ọ̀tún, mo gé ti òsì. Nínú kùrukùru yẹn, ohun gbogbo rí bí ohun tí a ń wò nísàlẹ̀ odò. Oorun gbé Ìyá lọ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì padà sí àyà rẹ̀.

Mo fẹ́ dìde ni ọwọ́ kẹta yọ lábẹ́ aṣọ tó fi bora, tó rọra bà lé orúnkún mi. Ó kéré bí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó tutù bí omi àmù. Làálì wà lára àwọn èékánná rẹ̀, wọ́n sì ti gùn.

Mo wo ojú Ìyá. Ó ń rẹ́rìn-ín lójú oorun.

Mo ní, "Bísímílàhì." Mo mú àlùmọ́gàjí, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti èékánná àtàǹpàkò.