Ewé Tí Ìyá Yésúfù Fi Sí Ojú Iṣẹ́ Abẹ

Kí a tó bú dókítà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bú Hàjàrá, ìyá Yésúfù. Òun gan-an ló ní kí ìtàn bẹ̀rẹ̀ látorí òun, kí ẹ fi òun rẹ́rìn-ín tán kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí Kaothar, ìyàwó Yésúfù, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan lọ́nà Ifẹ̀. Nígbà tí ìyá àti ọmọ délé, Hàjàrá ká aṣọ sókè dé orúnkún, ó gbé omi tó ń hó kalẹ̀, ó ní ta ló bímọ rí ní agboolé àwọn l'Akanran tí òun ò wẹ̀? Ó ki aṣọ bọ omi, ó fi ń tẹ ikùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán. Nígbà tí ojú ibẹ̀ wá ń ṣomi, ó gún ewé ẹ̀fínrín, ó fi dí i pinpin bí ẹni ń rẹ́ ògiri.

"Ìyá, wọ́n ní kí omi má kàn án o," Kaothar ń sunkún.

"Ta ni 'wọ́n'? Ṣé 'wọ́n' ló wẹ̀ mí nígbà tí mo bí ọkọ ẹ?"

Ibà dé. Wọ́n gbé Kaothar padà sọ́dọ̀ dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà gún un lábẹ́rẹ́, ó fún un lóògùn ibà, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ibà kò lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọsibítù ńlá n'Íbàdàn, ọyún ti kún inú ikùn. Kí ẹ̀mí má bàa bọ́, wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀. Àkọ́bí Kaothar di àbígbẹ̀yìn lọ́jọ́ náà.

Yésúfù pe ilé ìwòsàn náà lẹ́jọ́. Ọjọ́ tí Olúyínká, lọ́yà obìnrin tó ń bá wọn ṣe é, wá sílé láti múra wọn sílẹ̀, ojú rẹ̀ kò túká.

"Ilé ìwòsàn ti fèsì," ó ní. "Wọ́n ní dókítà ò jẹ̀bi. Wọ́n ní ewé tí ìyá ọkọ fi sójú egbò ló ba ikùn jẹ́."

Yésúfù fò dìde. "Irọ́ ni! Ta ló rí i? Ìyá, ẹ ò fi ewé kankan sí i. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa wí."

Hàjàrá rò ó wò. Bó bá jẹ́wọ́, òun ló pa ẹjọ́ ọmọ rẹ̀. Bó bá sẹ́, Kùránì ni wọ́n máa gbé lé e lọ́wọ́ kó fi búra.

"Lọ́yà," ó ní, "ṣé kí adájọ́ ṣáà wo Kaothar kò tó ni? Ta ló máa rí i tí àánú ò ní ṣe?"

"Ìyá, omijé kọ́ ni wọ́n fi ń dá irú ẹjọ́ yìí. Pé aláìsàn ò sàn, tàbí pé ó kú pàápàá, kò ní kí dókítà jẹ̀bi. Àwa tá a pè é lẹ́jọ́ la máa mú ẹ̀rí wá. Pé Kaothar wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, ìyẹn ò le. Èyí tó le ni pé kò ṣe ohun tí dókítà mìíràn tó mọ irú iṣẹ́ náà ìbá ṣe. Dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa wá sọ ìyẹn, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ẹ̀yin. Ká tiẹ̀ ní a yege níbẹ̀, adájọ́ ṣì máa bèèrè: ṣé àìṣe yẹn gan-an ló fa jàǹbá tó bá Kaothar, àbí nǹkan mìíràn ni? Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ fi ewé yín dí wa lọ́nà."

"Ṣé dandan ni kó dá adájọ́ lójú ṣáká bíi ti ẹjọ́ apànìyàn?" Yésúfù bèèrè.

"Rárá. Bí ìgbà téèyàn gbé nǹkan sórí òṣùwọ̀n ni. Ẹ̀rí ẹni tó bá wúwo jù ló ń borí. Ṣùgbọ́n irọ́ kan ṣoṣo ti tó láti sọ tiwa di fúyẹ́."

Hàjàrá ń nu ọwọ́ mọ́ ìró bí ẹni pé ewé ṣì wà níbẹ̀.

"Èmi ni mo fi sí i," ó ní. "Èmi náà ni mo tún lọ sọ fún dókítà."

Olúyínká gbójú sókè. "Ẹ sọ fún ta?"

"Dókítà. Ọjọ́ tá a gbé e padà pẹ̀lú ibà. Ẹnu mi ò ní ìjánu! Mo ní, 'Dókítà, ewé tí mo fi sójú abẹ máa lé abẹ́rẹ́ yín wọgbó ni.' Gbogbo àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ ṣí ọsibítù tèmi."

"Ṣé ó wá ṣí ojú egbò wò?"

"Kò tiẹ̀ gbé ìdí kúrò lórí àga."

Lọ́yà dìde. "Ó yẹ kí n ti bi ara mi: ta ló sọ ọ̀rọ̀ ewé fún wọn? Ẹ̀yin ni! Dókítà ti gbọ́ pé ewé wà lójú iṣẹ́ abẹ, ó rí i pé ibà ti dé, kò sì wò ó. Ọ̀gbẹ́ni Yésúfù, ẹ̀rí tí ẹ ní kí Ìyá sẹ́ ni ẹ̀rí tá a ní."

Lọ́jọ́ ẹjọ́, Hàjàrá bọ́ síbi tí ẹlẹ́rìí ń dúró sí. Lọ́yà ilé ìwòsàn rọra sún mọ́ ọn bí ológbò.

"Màmá, ṣé ẹ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn?"

"Mi ò tilẹ̀ mọ ABD."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

"Síbẹ̀, ẹ fi ewé sójú iṣẹ́ abẹ?"

Hàjàrá wo Kaothar. Kaothar kò wò ó.

"Mo fi sí i. Ìwà agọ̀ ni mo hù. Mo sì sọ fún dókítà yín, ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ bi í, kí ló dé tí kò wò ó?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Dókítà àgbà kan tó ń tọ́jú aboyún wá jẹ́rìí lẹ́yìn rẹ̀ pé egbò abẹ tó ń ṣomi tòun ti ibà, dókítà gbọ́dọ̀ ṣí i yẹ̀ wò, àgàgà bó bá gbọ́ pé wọ́n fi ewé sí i. Ó ní ká ní wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó jọ pé ilé ọmọ kì bá tí lọ.

Adájọ́ dá ilé ìwòsàn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó dín owó gbà-má-bínú kù, nítorí ọwọ́ Hàjàrá náà kò mọ́.

Ẹ̀yin ará wa, bí ìtọ́jú kan bá mú ìfura wá, ẹ má bá dókítà jà, ẹ má sì fọwọ́ lẹ́rán. Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ ìtọ́jú yín, ẹ má da páálí oògùn nù. Ẹ tètè wá lọ́yà, nítorí òfin ní gbèdéke ọjọ́ tí èèyàn lè fi pe ẹjọ́. Ti ọsibítù ìjọba tiẹ̀ lè kúrú gan-an. Bí agbára ò bá gbé lọ́yà, ẹ wádìí ibi tí ìjọba ti ń bá tálákà ro ẹjọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àjọ tó ń bójú tó àwọn dókítà náà wà tí ẹ lè fẹjọ́ sùn. Ohunkóhun tí ẹ bá fi sára, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ẹ má sì sẹ́ ẹ fún lọ́yà yín. Omi gbígbóná àti ewé, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ojú abẹ.

Bí wọ́n ṣe ń padà lọ sí Akanran, Hàjàrá ń pa gbogbo ọkọ̀ lẹ́rìn-ín, ó ń sín lọ́yà ilé ìwòsàn jẹ. Kaothar gbé ọmọ rẹ̀ sáyà, kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá," ó ní, "ẹ ti jẹ́wọ́ fún lọ́yà, ẹ ti jẹ́wọ́ fún adájọ́. Èmi tí ẹ fi ewé sí níkùn, ẹ ò tíì sọ nǹkan kan fún mi."